Ta Ló Hun Ún?

Láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, ọkùnrin tó ń ṣa pàǹtí kiri àdúgbò wa, irú ẹni tí àwọn Hausa ń pè ní babanbola, á ti ti ọmọlanke rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi. Ọ̀rá omi ló kó wá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní piọ wọ́tà. Á dà á sórí tapólì, èmi náà á jókòó tì í, a ó máa ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn ṣe mu omi rẹ̀ ló ń sọ bóyá ọ̀rá náà á wúlò fún mi. Èyí tí wọ́n fi eyín gé etí rẹ̀ kan péré dára, nítorí ara rẹ̀ ṣì pé. Èyí tí wọ́n fi ọ̀bẹ là láàárín kí wọ́n lè tètè da omi sínú ìkòkò, mo máa ń yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kékeré. Èyí tí mọ́tò ti gùn lójú títì, tí iyanrìn ti dá lu, n kì í rà á rárá.

Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó bi mí pé kí ló dé tí mo ń ṣà á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, ṣebí ọ̀rá náà ni gbogbo rẹ̀. Mo ní ọ̀rá ni lọ́wọ́ tirẹ̀. Tó bá ti dé ọwọ́ mi, òwú ni.

Ìjọba ìbílẹ̀ Igabi ni Afaka wà, níbi tí ìlú Kaduna ti ń fẹjú lọ sínú igbó bí ènìyàn bá ti gba Mando kọjá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n nítorí NDA, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, tàbí nítorí Federal College of Forestry Mechanization tó wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi gbé òfì mi kalẹ̀ sí, lábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé. Ọ̀rá omi, àgékù aṣọ tí àwọn télọ̀ ń dànù, kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá àti ìgò tó ti fọ́ ni ohun èlò mi. Báàgì, pọ́ọ̀sì, ẹ̀gbà ọrùn, ẹ̀gbà ọwọ́ àti yẹtí ni mo ń fi wọ́n ṣe. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun, òun náà ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ìlú tí aṣọ gbé wa wá

Ìlọrin ni bàbá mi ti wá. Iṣẹ́ aṣọ ló gbé e wá sí Kaduna, bó ṣe gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn mìíràn wá. Ní 1957 ni wọ́n dá Kaduna Textiles Limited sílẹ̀, nígbà tí Sir Ahmadu Bello ń darí ìjọba Àríwá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù dé: Arewa Textiles, Nortex, United Nigerian Textiles. Òwú tí àwọn àgbẹ̀ Àríwá ń gbìn ni wọ́n ń ran, ni wọ́n ń hun, tí wọ́n sì ń tẹ àwòrán sí lára. Ìhà gúúsù odò Kaduna, ní Kakuri, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ náà wà. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń bọ̀ láti iṣẹ́ òru, òmíràn á máa lọ sí ti àárọ̀, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ti ń pàdé.

Àtúnṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ ni bàbá mi ń ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá wọ aṣọ tuntun wá sílé wa, bàbá mi kì í wo àwọ̀ rẹ̀. Etí aṣọ ló máa ń fi ìka méjì fà, á rọra fi àtàǹpàkò tọ̀ ọ́ lọ, á wá béèrè pé: "Ta ló hun ún?" Bí etí aṣọ bá gún, tí kò sún kì, tí òwú rẹ̀ kò sì yọ, á ní ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ náà mọṣẹ́.

Ilé iṣẹ́ wọ̀nyí kò kú lọ́jọ́ kan. Iná mọ̀nàmọ́ná ń ṣe ségesège, epo tí wọ́n fi ń dáná ẹ̀rọ gbówó lórí, ẹ̀rọ ń gbó, aṣọ ilẹ̀ òkèèrè tó rọjú ju tiwa lọ sì ń gba ibodè wọlé láìsan owó ibodè. Kaduna Textiles dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 2002. Ní oṣù Kẹwàá 2007, United Nigerian Textiles náà ti ìlẹ̀kùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló padà sílé. Bàbá mi wà lára wọn, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò sì pé dòní.

Nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń dún, ìyá mi máa ń ra aṣọ tó bàjẹ́ lójú ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní kílò. Á já ibi tó bàjẹ́ kúrò, á to ibi tó dára pọ̀, á fi rán ìrọ̀rí àti aṣọ ìbora fún àwọn ará àdúgbò. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé aṣọ tí ẹnìkan kọ̀ kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ọmọ ilé iṣẹ́ aṣọ ni mí, àgékù aṣọ ni èèpo igi tèmi.

Àwọn baba wa ti ṣe é rí

Àwọn kan máa ń wo báàgì mi, wọ́n á ní àwọn òyìnbó ló kọ́ wa ní àṣà sísọ àlòkù di ọ̀ṣọ́. Mo máa ń mú wọn jókòó.

Ẹ jẹ́ ká mú àlàárì, aṣọ òfì pupa tí Yorùbá kò fi ṣeré. Ọ̀pọ̀ ṣẹ́dà pupa tí wọ́n fi ń hun ún ní ìgbà àwọn baba ńlá wa jẹ́ èyí tó ṣẹ́kù sílẹ̀ ní àwọn ilé iṣẹ́ ṣẹ́dà ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n ń kó o gba Tripoli, àwọn oníràkúnmí á gbé e la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Kano, láti ibẹ̀ ni yóò ti wọ ilẹ̀ Yorùbá. Hausa ń pe ṣẹ́dà ní alharini, ọ̀rọ̀ tó jáde láti inú èdè Lárúbáwá. A kò sì níláti jìnnà kí a tó gbọ́ àlàárì nínú rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù níwájú ẹlòmíràn làwọn ahunṣọ wa fi hun aṣọ ìgbéyàwó àti aṣọ ìjòyè. Aṣọ òkèèrè pàápàá, wọ́n máa ń tú u sí fọ́nrán kí wọ́n tó tún un hun bó ṣe wù wọ́n.

Ìlẹ̀kẹ̀ náà ńkọ́? Ní Bida, ní ilẹ̀ Nupe, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Masaga. Iṣẹ́ dígí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Ọ̀mọ̀wé Siegfried Nadel bá wọn lẹ́nu rẹ̀, ó sì kọ nípa wọn nínú ìwé tó gbé jáde ní 1942. Ìgò ọtí àti ìgò ògùn ni wọ́n ń fọ́ sínú iná. Ẹnìkan á máa fi ẹwìrì fẹ́ná láìsinmi, ẹlòmíràn á fi ọ̀pá irin wé dígí tó ti yọ́ bí ẹni ń wé òwú mọ́ ọ̀pá, títí yóò fi di ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ẹ̀gbà ọwọ́. Àwọ̀ ìgò náà ni àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀: ìgò bíà á fún ọ ní àwọ̀ ewé tàbí ti oyin. Lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò tó ń ti Bida wá ni mo ti ń ra ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí mò ń tò mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ bébà mi.

Ní Odumase-Krobo ní Gánà, wọ́n máa ń gún ìgò kúnná bí èlùbọ́. Wọ́n á dà á sínú ihò kéékèèké tí wọ́n fi amọ̀ ṣe, wọ́n á ki igi ewé gbágùúdá bọ àárín rẹ̀. Iná á jó igi náà dànù, ojú ihò tí okùn máa gbà kọjá á sì ṣẹ́kù. Ní ti Ilé-Ifẹ̀ wa, àwọn ará àtijọ́ kò tilẹ̀ dúró de ìgò ẹnikẹ́ni. Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Ìwádìí rẹ̀ fi hàn pé Ilé-Ifẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣe dígí náà, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Nítorí náà, bí mo bá ń wo ìlẹ̀kẹ̀ ìgò nínú àtẹ mi, n kò rí pàǹtí níbẹ̀.

Bí ọ̀rá ṣe ń di aṣọ

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá bàbá mi ní Ìlọrin ni mo ti kọ́ òfì. Òwú ni ó fi kọ́ mi. Èmi ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọ̀rá wò, lẹ́yìn tí mo gbọ́ nípa Adéjọkẹ́ Lásísì ní Ìbàdàn, ẹni tó dá Planet 3R sílẹ̀, tó ń fi ọ̀rá omi àti àgékù aṣọ hun aṣọ lórí òfì. Mo tún gbọ́ nípa Isatou Ceesay ní abúlé Njau ní Gáḿbíà, tí òun àti àwọn obìnrin abúlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rá hun pọ́ọ̀sì láti 1997. Mo rò ó pé bí wọ́n bá lè ṣe é níbẹ̀, ọ̀rá Kaduna kò le ju tiwọn lọ.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń gé òkè àti ìsàlẹ̀ ọ̀rá náà kúrò, níbi tí wọ́n ti fi iná lẹ̀ ẹ́, nítorí ibẹ̀ le ó sì máa ń há òfì. Èyí tó ṣẹ́kù á dà bí àpò tí kò nídìí. Mo máa ń fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí n sá a síbi tí oòrùn kò ti ta á tààrà, nítorí oòrùn máa ń mú ọ̀rá gan. Bó bá ti gbẹ, mo máa ń fi àlùmọ́gàjí gé e yípo láti etí kan dé èkejì láìjá a, kí ọ̀rá kan lè di okùn gígùn kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó ìka. Ọ̀rá kejì á so mọ́ ti àkọ́kọ́, èyí á sì so mọ́ ìyẹn, títí yóò fi di bọ́ọ̀lù.

Òwú gidi ni mo máa ń ta gùn sójú òfì. Ọ̀rá ni ọ̀kọ̀ ìhunṣọ ń gbé kọjá ní ìbú. Bí ènìyàn bá fi ọ̀rá ta méjèèjì, aṣọ náà á máa yọ̀, kò ní dúró. Òwú ló ń di ọ̀rá mú, ọ̀rá ló sì ń jẹ́ kí omi má tètè ràn án. Àwọ̀ búlúù tí wọ́n fi kọ orúkọ omi sára ọ̀rá máa ń fọ́n ká nínú aṣọ náà bí àwòrán àdìrẹ.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí ní Afaka. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ, ọ̀rá á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á lẹ̀ mọ́ aṣọ ọrùn mi, á máa ta ṣáṣá bí iná ìṣáná. Mo kọ́ láti máa fi aṣọ tútù nu ọwọ́ mi kí n tó jókòó sídìí òfì. Eruku náà á bà lé aṣọ funfun, nítorí náà àwọ̀ tó dúdú díẹ̀ ni mo máa ń hun láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì.

Ìlẹ̀kẹ̀ bébà rọrùn jù, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè kọ́ ọ ní ọ̀sán kan. Kàlẹ́ńdà ni mo fẹ́ràn, nítorí bébà rẹ̀ nípọn. Wọ́n á gé e ní gígùn, kí ìdí rẹ̀ fẹ̀, kí orí rẹ̀ sì mú ṣóńṣó. Wọ́n á wé e mọ́ ẹyọ ọwọ̀ kan láti ìdí dé orí, wọ́n á fi góòmù lẹ̀ ẹ́, wọ́n á yọ ọwọ̀ náà. Ìlẹ̀kẹ̀ náà á wú láàárín, á tín-ín-rín létí méjèèjì. Ó wá ku kíkùn ún ní fáníìṣì, ibẹ̀ ni mo ti jìyà. Ìyàwó kan ra ẹ̀gbà ọrùn lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kun ún nítorí pé àkókò ń lọ. Òógùn mú un níbi ijó, àwọ̀ bébà náà sì ṣàn sórí léèsì funfun rẹ̀. Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo san owó fífọ léèsì, mo sì dá owó ìlẹ̀kẹ̀ padà. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń kun ún, ọjọ́ kan gbáko sì gbọ́dọ̀ wà láàárín kíkùn kan àti èkejì.

Ohun tí n kò ní fọwọ́ kàn

Kì í ṣe gbogbo àlòkù ló yẹ kó di ọ̀ṣọ́. N kì í jó ọ̀rá tàbí yọ́ ọ lórí iná, nítorí èéfín rẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró. N kì í ra wáyà kọ́pà tí wọ́n ti fi iná sun ọ̀rá ara rẹ̀ dànù. Èyí tí wọ́n fi ọ̀bẹ bó ni mo ń rà. N kì í gba irin inú bátìrì mọ́tò, kódà bí wọ́n bá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Òjé ló wà nínú rẹ̀. Ní 2010, ní Zamfara tó wà nítòsí wa, ó lé ní 400 ọmọdé tí òjé pa, nítorí pé inú ọgbà ilé ni àwọn òbí wọn ti ń lọ òkúta tí góòlù àti òjé jọ wà nínú rẹ̀. Góòlù tí wọ́n fẹ́ sọ di ọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń wá. Mo máa ń rántí àwọn ọmọ náà bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n wá máa yọ́ irin lẹ́yìn ilé.

Nítorí pé a wà nítòsí ibùdó ológun, àwọn ènìyàn máa ń gbé aṣọ ológun tó ti gbó wá, pé kí n fi rán báàgì. Mo máa ń dá a padà fún wọn. Òfin kò gba ará ìlú láàyè láti lo aṣọ náà, n kò sì fẹ́ kí báàgì mi kó ọmọ ẹnikẹ́ni sí wàhálà ní ojúbodè.

Iye tó yẹ kí a dá lé e

Ọ̀rọ̀ tó ń dun àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jù nìyí: oníbàárà á wo báàgì, á ní "Ṣebí ọ̀rá tí ẹ ṣà nílẹ̀ ni, kí ló wọ́n tó bẹ́ẹ̀?" Àwa náà la ń fà á, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ni kì í mọ iye tí iṣẹ́ wa ná wa. A máa ń ka owó ọ̀rá, a máa ń ka owó síìpù, a kì í ka ọwọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọ̀rá jẹ́ 300 náírà, kí òwú, síìpù àti aṣọ inú báàgì jẹ́ 2,200. Ká ní ọjọ́ méjì ni mo fi hun ún tí mo fi rán an, kí owó iṣẹ́ òòjọ́ mi sì jẹ́ 5,000. Gbogbo rẹ̀ di 12,500. Mo máa ń fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e, ìyẹn 2,500, fún àtúnṣe òfì, fún èyí tó bàjẹ́ àti fún ọjọ́ tí ọjà kò yá. Báàgì náà di 15,000 náírà. Bí oníbàárà bá fún mi ní 4,000, ọ̀rá àti síìpù nìkan ló sanwó lé, kò sì ku ohun tó tó owó iṣẹ́ òòjọ́ kan péré nínú méjì.

Mo máa ń so bébà kékeré kan mọ́ ọrùn báàgì kọ̀ọ̀kan: iye ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀, iye ọjọ́ tí a fi hun ún, bí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́. N kì í bẹ ẹnikẹ́ni pé kó ràn mí lọ́wọ́ nítorí pé mò ń tún ìlú ṣe. Bí okùn báàgì náà bá já lẹ́yìn oṣù kan, àánú kò ní so ó padà. N kì í sì í pe ìlẹ̀kẹ̀ bébà ní iyùn. Ẹni tó bá tanni lẹ́ẹ̀kan ti ba ọjà gbogbo wa jẹ́.

Àwọn kan ti fi hàn pé ọwọ́ ni ó ń gbówó lórí. El Anatsui, ọmọ Gánà tó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Nsukka fún ọ̀pọ̀ ọdún, máa ń fi wáyà kọ́pà so ìdérí ìgò ọtí pọ̀ títí yóò fi di aṣọ ńlá tó bo ògiri. Ní 2015, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà ní Venice fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè rí ìdérí ìgò ṣà lẹ́yìn ilé ọtí. Ọwọ́ tó so wọ́n pọ̀ ni wọ́n fi oyè dá lọ́lá.

Ní ti ọjà, ibi mẹ́ta ni mo gbára lé. Àkọ́kọ́ ni àwọn aládùúgbò, pàápàá nígbà Iléyá àti nígbà ìgbéyàwó. Èkejì ni ọjà àgbáyé ti Kaduna tó máa ń wáyé lọ́dọọdún ní Rigachikun, lójú ọ̀nà Zaria. Ẹ̀kẹta ni Wáásáàpù, òun sì ni ìpọ́njú kọ́ mi. Ní oṣù Kẹta 2021, àwọn agbébọn wọ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ igbó tó wà ní Afaka, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ 39 lọ. Gbogbo àdúgbò kò sùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ̀rù ba àwọn oníbàárà mi láti wá sí ọ̀dọ̀ wa, ìyẹn sì yé mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ọjà mi láàárọ̀ kí oòrùn tó le, kí n fi ọwọ́ mi sínú àwòrán kí ènìyàn lè mọ bó ṣe tóbi tó, kí n sì fi ránṣẹ́. Ọlọ́kọ̀ á gbé e láti Mando. Báàgì mi dé Èkó kí èmi tó tún dé ibẹ̀.

Nígbà tí mo parí aṣọ ọ̀rá àkọ́kọ́ tó wù mí, mo gbé e lọ bá bàbá mi. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà, kò ríran dáadáa mọ́. N kò sọ ohun tó jẹ́ fún un. Mo gbé e lé e lórí itan, mo ní, "Ẹ bá mi wo eléyìí, Bàbá." Ó wá etí aṣọ náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi bà á. Ó fi ìka méjì fà á. Ó rọra fi àtàǹpàkò tọ̀ ọ́ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ibì kan ó dúró, ó padà sẹ́yìn, ó ní mo fa ọ̀kọ̀ jù níbẹ̀, aṣọ sún kì. Òótọ́ ni. Ó tún ń bá a lọ dé ìparí.

Aṣọ náà ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, òwú kì í dún bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé kì í ṣe òwú nìkan. Ṣùgbọ́n kò béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Ó ní, "Ta ló hun ún?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."